Kẹ̀kẹ́ Gígùn Lọ sí Ibi Iṣẹ́ ní Ìgbà Òtútù

Bí a bá dárúkọ òtútù ní ilẹ̀ Yorùbá, ọyẹ́ ni ó máa ń wá sí ọkàn ẹni. Ọyẹ́ a máa la ètè, a máa mú kí ara funfun bí ti ẹni tí ó yí nínú eérú, a sì máa mú kí àwọn àgbàlagbà kó ara jọ sí ìdí iná ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ga díẹ̀, ẹni tí ó da aṣọ bora ní òwúrọ̀ a ká a lé èjìká, a sì bá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ. N kò tíì rí ẹni tí ọyẹ́ dá dúró tí kò lè gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé oko tàbí dé ibi iṣẹ́. Òtútù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Òtútù ìlú Òyìnbó ni, èyí tí í máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, tí kì í sì í tán bọ̀rọ̀ kí ó tó di oṣù kẹta. Òtútù tí í sọ omi di òkúta, ní ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun mẹ́ta, nítorí pé ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí lè pe gbogbo wọn ní nǹkan kan náà. Omi tí ó dì nínú àwọsánmà, tí ó sì ń rọ wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú tí a gbọ̀n, òjò dídì ni. Ìrì òru tí ó dì mọ́ koríko, mọ́ òrùlé àti mọ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, ìrì dídì ni. Ṣùgbọ́n omi tí ó ti wà ní ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, tí ó wá le gbagidi ní òru, yìnyín ni. Òjò dídì lẹ́wà lójú, ọmọdé a sì máa fi ṣeré. Yìnyín ni ọ̀tá ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́. Irú rẹ̀ kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní yìnyín dúdú. Kì í ṣe pé ó dúdú. Ó mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ọ̀dà ojú títì lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ yóò rò pé omi lásán ni, títí yóò fi bá ara rẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé kò yẹ kí a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Wọn a ní àgídí ni, tàbí ahun; wọn a ní ẹni tí ó bá ní làákàyè yóò wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ara rẹ̀. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ojú mi rí ní ìgbà òtútù kan tí mo lò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó yí mi lérò padà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Èrò mi ni pé òtútù kò ní agbára láti lé òṣìṣẹ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́; ojú ọ̀nà tí a kò tọ́jú ni ó ń lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi náà kúrò lọ́rùn ojú ọjọ́, ó di ti ènìyàn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé tí wọ́n ń gbé: òun ni ó ń gbé wọn dìde, tí ó ń wẹ̀ wọ́n, tí ó sì ń fún wọn ní oúnjẹ òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí ní ìlú Òyìnbó. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ti òru. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí ń gba àdúgbò rẹ̀ kọjá kì í sì í dé kí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ọ̀hún tó lù. Kò ní ọkọ̀. Ní ìlú Òyìnbó, kì í ṣe kí ènìyàn ra ọkọ̀ nìkan. Owó adójútòfò wà níbẹ̀, owó orí ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó epo àti owó ibi ìgbọ́kọ̀sí sì wà níbẹ̀. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ ni ó kù. Máìlì mẹ́rin ni láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, èyí tí ó tó kìlómítà mẹ́fà ààbọ̀, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ó sì fi ń gùn ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jí bá a tí ó ń di okùn bàtà. Mo wo ojú fèrèsé; ìta ṣókùnkùn bí ọ̀gànjọ́, ìrì dídì sì ti bo gbogbo òrùlé. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú òkùnkùn àti òtútù yìí ni ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, òtútù kì í ṣe ẹkùn. Bí mo bá ti múra dè é, kí ni yóò fi mí ṣe? Sìn mí dé ìta, kí á wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú nínú àwa méjèèjì.”

Mo sìn ín dé ìta. Ó gun kẹ̀kẹ́, iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń jìnnà lọ títí ó fi yà ní ìkóríta. Èmi tí mo dúró lójú kan, tí mo wọ kóòtù tí ó nípọn ju tirẹ̀ lọ, ni mo ń gbọ̀n bí ẹyẹ tí òjò pa.

Nígbà tí ó dé ní ọ̀sán, mo bi í léèrè ọgbọ́n tí ó ń dá. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí òun kọ́ ni pé ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ a máa dáná sí ara rẹ̀ nínú. Ẹsẹ̀ tí ń tẹ̀, ọkàn tí ń lù, gbogbo wọn ni ó ń mú ooru jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ara ẹni ti móoru pẹ̀sẹ̀ nígbà tí ó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tí ó wọ̀ ti pọ̀ jù. Kí ó tó rin máìlì kan, òógùn yóò ti bò ó. Òógùn yìí ni ewu, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Nígbà tí ó bá dúró, omi ara rẹ̀ yóò di tútù, yóò sì gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà a kì í fi aṣọ òwú kan ara, nítorí pé òwú a máa mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Aṣọ tí a fi irun àgùntàn hun ni ó dára. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sì sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín wọn ni ó ń pa ooru mọ́, a sì lè bọ́ ọ̀kan bí ara bá gbóná jù. Èyí tí ó wà lókè pátápátá, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, nítorí pé ẹni tí ń sáré kìlómítà ogún ní wákàtí kan ń dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀, bí ewé igi kankan kò tilẹ̀ mì. Ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀ àti etí ni ó kù. Bí òtútù bá dé, ẹ̀jẹ̀ a máa sá sẹ́yìn kúrò ní àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí láti lọ dáàbò bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi owó ìbọ̀wọ́ ra nǹkan mìíràn.

Ti kẹ̀kẹ́ náà kò ṣòro. Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kẹ̀kẹ́ tí a bá gùn ní alẹ́ gbọ́dọ̀ ní iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn. Bíbátìrì inú iná wọ̀nyí a máa tètè rẹ̀ nígbà òtútù, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi a máa yọ wọ́n, a sì gbé wọn wọ inú ilé sùn. Bí ó bá gúnlẹ̀, a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ṣéènì, a nù ún, a sì ta epo sí i, nítorí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì a máa jẹ irin bí ìgbà tí ikán bá ń jẹ igi. Ó tilẹ̀ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú táyà dín díẹ̀, kí táyà lè fẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀. Obìnrin tí kò kọ́ iṣẹ́ irin rí ni mo ń wí yìí o.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò sí òtútù. Jámánì ni Karl Drais ti kọ́kọ́ gun ẹ̀rọ onítáyà méjì tirẹ̀ ní 1817, láì ní ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìlú Coventry ni John Kemp Starley ti ṣe kẹ̀kẹ́ Rover ní 1885, èyí tí ìrísí rẹ̀ fi jọ èyí tí à ń gùn lónìí. Belfast ni John Boyd Dunlop wà ní 1888 nígbà tí ó ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa fi ń yangàn, tí olùkọ́ àti akọ̀wé fi ń mọ ara wọn ní ẹni ńlá, Nottingham ni wọ́n ti ṣe é. Gbogbo ìlú wọ̀nyí ni yìnyín ti ń mú. Kí ọkọ̀ tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ní, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyí ń gùn lọ sí ilé iṣẹ́, ní ìgbà ooru àti ní ìgbà òtútù. Ẹni tí ó bá ń sọ lónìí pé a kò dá kẹ̀kẹ́ fún òtútù, ó ti gbàgbé ibi tí wọ́n bí kẹ̀kẹ́ sí.

Ní oṣù kìn-ín-ní, òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ó di òru, àwọsánmà ká kúrò, ìràwọ̀ yọ, òtútù sì jábọ́ wálẹ̀ sísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀gbọ́n mi jáde ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí agogo mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́bàá títì ńlá tí ó ń gbà, wọ́n la ọ̀nà kékeré kan fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ ìdayọ̀ ti kọjá lórí títì ńlá láti alẹ́. Ibẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kò dì. Ẹnikẹ́ni kò da ohunkóhun sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Níbi tí ọ̀nà náà ti tẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá afárá, táyà iwájú yọ̀, ó sì ṣubú kí ó tó mọ̀ pé òun ń ṣubú. Nǹkan bí agogo mẹ́jọ ni wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi di ọwọ́ náà, ẹni tí a sì ń sanwó fún ní wákàtí wákàtí mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́. Owó tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ilé fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àbúrò wa kò lè lọ ní oṣù náà, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn ènìyàn wa wá kí i, wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń ti ẹnu gbogbo wọn jáde: “A kúkú ti sọ fún yín pé kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀.” Kò dá wọn lóhùn. Inú bí mi díẹ̀, mo sì jáde lọ wo ibi tí ó ti ṣubú. Mo fi ẹsẹ̀ wọn àyè tí ó wà láàrin títì ńlá àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni. Òtútù kan náà ni ó bo ọ̀tún àti òsì, òjò kan náà ni ó rọ̀ sí méjèèjì, ìràwọ̀ kan náà ni ó yọ lókè wọn. Ọ̀kan dára fún ìrìn, èkejì sì di pańpẹ́. Ẹ wá sọ fún mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bóyá òtútù ni ó gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣubú.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí wọ́n kàn da iyọ̀ sí i, kí ọ̀ràn parí. Bí a bá da iyọ̀ pọ̀ mọ́ omi, omi náà kì yóò dì ní òdo mọ́. Ó di ìgbà tí òtútù bá tún le sí i. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá jìn tó nǹkan bí dígírì mẹ́wàá nísàlẹ̀ òdo, agbára iyọ̀ a máa rẹ̀ púpọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Táyà ọkọ̀ ni í máa tẹ iyọ̀ mọ́lẹ̀, òun ni í lọ̀ ọ́, òun náà ni í tàn án kálẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó yá. Kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà iyọ̀ wóró-wóró a máa jókòó gẹlẹtẹ sí ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́, yìnyín a sì jókòó tì í. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ kékeré tí ó ní ìgbálẹ̀ gbá òjò dídì kúrò, yóò sì wọ́n omi iyọ̀ sí i.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ojú ọ̀nà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1980, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi kún un ní 2003, pàṣẹ pé kí àwọn aláṣẹ ojú ọ̀nà rí i, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe, pé òjò dídì tàbí yìnyín kò fi àwọn tí ń kọjá sínú ewu. Nínú gbólóhùn náà, “níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe” ni ilé ńlá tí gbogbo àwáwí ń gbé. Owó kì í tó láé. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ láti títì tí ọkọ̀ pọ̀ sí jù, ilẹ̀ a sì mọ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti jáde nílé ní agogo mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìlú kan tí òtútù rẹ̀ sọ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ọyẹ́ lásán. Oulu ni orúkọ rẹ̀, ní àríwá orílẹ̀-èdè Fínláńdì, níbi tí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 200,000 ń gbé. Ní àárín oṣù Kejìlá, oòrùn kì í lò tó wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀run níbẹ̀. Òjò dídì a máa wà nílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan láì yọ́, òtútù sì lè dé dígírì ogún nísàlẹ̀ òdo tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò tó yín lọ́jọ́ orí sì ń gùn ún lọ sí ilé-ìwé nínú òkùnkùn òwúrọ̀, láìsí bàbá tàbí ìyá lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe pé Ọlọ́run fún wọn ní awọ tí ó yàtọ̀. Ìlú náà ti ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ó sì ti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà wọ̀nyí bá ti pàdé títì ńlá, wọn a gbẹ́ ọ̀nà sí abẹ́ títì kí oníkẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ má baà figagbága. Wọn kì í gbìyànjú àti gbá òjò dídì náà tán. Katakata a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le, tí yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn a sì wọ́n òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí táyà lè rí ibi dìmú. Bí ìgbà òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a gbá òkúta náà kó. Àwọn mìíràn a máa lo táyà tí a kan ìṣó kéékèèké tí ó le koko mọ́, èyí tí í máa gún yìnyín bí èékánná ológbò. Ní 2013, ìlú yìí ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà jẹ lógún láti ilẹ̀ mìíràn ti kọ́kọ́ péjọ láti jíròrò lórí kẹ̀kẹ́ gígùn ní ìgbà òtútù.

Ní Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì, ohun tí ó jọ mí lójú ni ètò ẹni tí a kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Bí òjò dídì bá rọ̀, àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ó ṣe pàtàkì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbá. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Níbẹ̀ náà, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé kẹ̀kẹ́ jáde, àfi ìgbà tí epo wọ́n ní 1973, tí ìjọba fi òfin de ọkọ̀ wíwà ní ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ará ìlú rí títì tí ó dá páropáro, wọ́n rántí kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì lọ bá àwọn aláṣẹ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e láti bèèrè fún ọ̀nà tiwọn. Ìlú tí a ń yìn lónìí, àwọn tí ó kọ̀ láti dákẹ́ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fún mi. Wọn yóò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe Fínláńdì, pé ọjọ́ tí yìnyín ń mú níbẹ̀ kò pọ̀ nínú ọdún, nítorí náà kí ni a ó fi owó ẹ̀rọ kékeré ṣòfò sí? Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ìdayọ̀ ńlá kò lè gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ mìíràn ni yóò ṣe é, owó sì ni ẹ̀rọ. N kò sì sọ pé kí wọ́n tọ́jú gbogbo ọ̀nà tí ó wọ inú igbó lọ tí ó jẹ́ fún ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ yìnyín bá kéré, ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò jáde kéré bákan náà, owó rẹ̀ kò sì ní ga bí ti Oulu. Nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, a mọ ọ̀nà tí ó lọ sí ilé ìwòsàn, èyí tí ó lọ sí ilé àwọn arúgbó, sí ilé iṣẹ́ àti sí ilé-ìwé. Ìwọ̀nyí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn a sì ní ẹni tí ó yàn láti gun kẹ̀kẹ́ ni kí ó gbé ẹrù ohun tí ó yàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn mí jù. Ẹni tí bọ́ọ̀sì kò tíì jí nígbà tí ó ń jáde, tí owó ọkọ̀ sì ju agbára rẹ̀ lọ, kí ni ó yàn? Àwọn arúgbó tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ gbé dìde lórí ibùsùn, bàbá àti ìyá àwọn tí ń wa ọkọ̀ lórí títì oníyọ̀ ni wọ́n.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi sí ìwà ògbójú. Ọjọ́ wà tí ó yẹ kí a fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó ti dì, tí gbogbo ìlú sì di dígí, ẹni tí ó gbọ́n yóò fi ẹsẹ̀ rìn, yóò sì rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tí ó bá sì ti bọ́ sórí yìnyín kò gbọdọ̀ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì, kò gbọdọ̀ tẹ bíréèkì iwájú. Kí ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ tààrà títí yóò fi rí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó sàn kí ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́ pé ènìyàn yóò pẹ́ ju kí ó gbọ́ pé ènìyàn kò lè wá mọ́. Ó yẹ kí ọ̀gá iṣẹ́ náà mọ èyí, kí ó má sì gé owó ẹni tí ó pẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ti padà sílé kí wọ́n tó tú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ojú ọ̀nà ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì. Èsì tí wọ́n fún un ní ọ̀wọ̀ púpọ̀, kò sì ní ohun mìíràn nínú. Ní ìgbà òtútù tí ó tẹ̀ lé e, ó sọ fún mi pé wọ́n ti gbé àpótí iyọ̀ aláwọ̀ òfeefèé kan sí ẹ̀bá afárá náà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kí ó sì bu nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bu nínú rẹ̀. Ó wá ra ṣọ́bìrì kékeré kan, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí yìnyín bá mú, a sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, a bu iyọ̀ dà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a nu ọwọ́ rẹ̀, a sì gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni iṣẹ́ náà ń gbà á, nítorí náà agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ń jáde nílé báyìí.